Ògiri orí fèrèsé mi kò gba dírììlì: báwo ni mo ṣe lè gbé búláìndì kọ́?

Ìyá Ìbejì, Akóbọ̀, Ìbàdàn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Nílé tí a háyà yìí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń wọ pálọ̀ tààrà, ó ti ń pa àga láwọ̀ dà. La bá ra búláìndì aláṣọ méjì tí wọ́n ń pè ní day and night fún fèrèsé méjèèjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6, wọ́n sì wúwo.

Ọmọkùnrin tó gbé wọn wá ní iṣẹ́ kékeré ni. Ó gbé dírììlì lé ògiri lókè fèrèsé, ó wọlé díẹ̀, kò tilẹ̀ tó ìdajì íńṣì, ó bá dúró síbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí bíìtì fi pọ́n bí ẹyin iná, ó sì kúnu. Ó sún sápá ọ̀tún, kò gbà. Ó sún sápá òsì, kò gbà. Ní báyìí, ihò wẹ́wẹ́ ló kù lára ọ̀dà lánlọ́ọ̀dù, búláìndì sì wà nílẹ̀ pálọ̀. Ó ní kí a jẹ́ kí òun fi ìṣó kọnkéré kàn án mọ́ ògiri. Ọkọ mi kọ̀ jálẹ̀.

Fèrèsé náà, alúmíníọ̀mù onísísún ni, irin bọ́gílárì sì wà nínú rẹ̀. Ṣé ògiri wa ló burú ni, àbí irinṣẹ́ ni kò dáa? Ṣé ọ̀nà kan wà tí a ò fi ní lu ògiri rárá? Mi ò fẹ́ ohun tí yóò já lu ọmọ lórí o. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni àwọn ìbejì mi, wọn kì í sì í jókòó.

Bàbá Bíríkìlà, Mọ́níyà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú wàhálà ilé. Ògiri yín kò burú. Ibi tó le jù nínú gbogbo ilé ni wọ́n lọ gbé dírììlì lé.

Orí fèrèsé yẹn kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Lintel ni. Tí a bá kọ́ ilé dé ibẹ̀, a ó ta pákó, a ó to irin sínú rẹ̀, a ó wá da kọnkéré olókùúta sí i, kí ó lè gbé gbogbo búlọ́ọ̀kù tí a máa tò lé e. Gíga rẹ̀ sábà máa ń tó íńṣì 9. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, a máa ń jẹ́ kí ó yí gbogbo ilé po ni. Ìdí nìyẹn tí sísún sọ́tùn-ún sósì kò fi ràn yín lọ́wọ́: orí ohun kan náà lẹ wà.

Ohun tó ń jáde lẹ́nu ihò ni kí ẹ máa wò. Tó bá rí bíi yanrìn, tí bíìtì sì ń wọlé wẹ́rẹ́, pìlásítà tàbí búlọ́ọ̀kù ni. Tó bá kúnná lẹ́búlẹ́bú, tó funfun bí eérú, tí dírììlì ń ké, kọnkéré ni. Tí ẹ bá wá rí ohun tó ń dán wínníwínní, ẹ dúró. Irin ilé lẹ bá yẹn. Ẹ fi ihò yẹn sílẹ̀, ẹ sún tó íńṣì kan tàbí méjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín gé irin lintel nítorí búláìndì.

Ti ìṣó kọnkéré, ọkọ yín ṣe ohun tó tọ́. Pìlásítà á fọ́ bẹẹrẹ, ìṣó náà sì lè ta padà sí ẹni tó ń kàn án lójú. Mo ti rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Oníwáyà, Ọ̀jọ́ọ̀

Ohun tí Bàbá sọ ni mo fara mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ti irinṣẹ́ kún un.

Dírììlì tó kàn ń yí lásán, igi àti irin ló wà fún. Èyí tí wọ́n ya àwòrán òòlù sí lára máa ń gbá bó ṣe ń yí. Ìyẹn dára fún búlọ́ọ̀kù, á sì lu kọnkéré bí ẹ bá ní sùúrù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lintel gan-an, dírììlì ńlá tí wọ́n ń pè ní SDS ló ni ín. Ìdí bíìtì rẹ̀ ní ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sí i. Ẹ kàn máa tì í wọlé ni, á sì gbá “kẹ́”. Òòlù wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbá ògiri, ọwọ́ yín kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Òun náà ni àwọn oní-alúmíníọ̀mù fi ń de fèrèsé mọ́ ògiri, nítorí náà ẹ má lọ rà á. Ẹ wá ọ̀kan nínú wọn, kí ó wá lu ihò yín, kí ẹ sanwó iṣẹ́ fún un.

Bíìtì ògiri ni kí wọ́n lò. Orí rẹ̀ máa ń fẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ díẹ̀, ó sì rí bí ẹnu ọ̀kọ̀. Bíìtì irin ni mo fura sí pé ọmọkùnrin yẹn lò. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi 5mm ṣí ọ̀nà, kí wọ́n tó fi 6mm tẹ̀ lé e. Kí wọ́n máa fà á jáde lóòrèkóòrè, kí eruku lè bá a jáde, kí ó sì tutù. Tó bá gbóná, ẹ má tì í bọ omi o, orí rẹ̀ lè sán. Tí ihò bá ti jìn tó, kí wọ́n fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù kí wọ́n tó ki fíṣà, ìyẹn ike tí sùkúrù ń wọ̀, bọ̀ ọ́. Eruku tó bá kù nínú ihò ni kì í jẹ́ kí fíṣà dì mú, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ ó wá máa bi ara yín pé kí ló dé tí sùkúrù ń yọ. Ẹni tó ń lu ihò gbọ́dọ̀ bo ojú àti imú, torí eruku kọnkéré ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Nǹkan méjì tó kù: tí iná bá lọ sílẹ̀ tí gílóòbù ń pọ́n, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Dírììlì kò ní lágbára, ẹ ó sì rò pé ògiri ló le. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà kò lè gbé SDS. Bákan náà, ẹ má lu ihò sí ọ̀gangan òkè suwíìsì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì, páìpù wáyà lè wà níbẹ̀. Ẹ pa iná pálọ̀ níbi bíréékà, ẹ fi wáyà gígùn fa ti dírììlì wá láti yàrá mìíràn.

Àǹtí Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an níbí. Ilé Thamesmead tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọ̀ ní 1968, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn, wọ́n dà á tán níbòmíràn kí wọ́n tó wá tò ó. Gbogbo ògiri ìta bẹ́ẹ̀ bí lintel ni. SDS ni a máa ń háyà fún ọjọ́ kan, kí a fi í lu gbogbo ihò ilé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti èyí tí kò lu ògiri, ó wà. Fèrèsé oníke tó wọ́pọ̀ níbí ní búláìndì tirẹ̀ tí wọ́n ń há mọ́ ara férémù gíláàsì. Ọ̀pá onísípíríńgì tún wà, tí a máa ń fún sáàárín ògiri méjì. Ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́ kò bá fèrèsé onísísún mu, irin bọ́gílárì sì lè dí ọ̀nà èkejì. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ọ̀pá yẹn tilẹ̀ lè gbé, kì í ṣe day and night.

Ọmọ Ìkòròdú

Ẹ lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú téèpù olójú méjì, àbí ẹ lu sùkúrù mọ́ férémù alúmíníọ̀mù. Ó tán.

Káfíńtà, Mọ́kọ́lá

Ọmọ Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Téèpù kì í lẹ̀ mọ́ ògiri, ara ọ̀dà ló ń lẹ̀ mọ́. Tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gbá a lójú, ọ̀dà á ṣí kúrò lára pìlásítà, gbogbo rẹ̀ á sì bọ́ lulẹ̀. Ọmọ kékeré ń bẹ nínú ilé. Férémù fèrèsé sì jẹ́ ti lánlọ́ọ̀dù. Sùkúrù tí ẹ bá lù ú lè dí ojú ọ̀nà tí gíláàsì ń gbà sún.

Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́ tèmi. Pákó ni kí ẹ fi ṣe àárín búláìndì àti ògiri. Bí búláìndì bá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6, á ní bíráákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tí búláìndì ń há mọ́, mẹ́ta ó kéré tán, ojú kan pàtó sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà. Ìyẹn ni ìyà lintel: ibi tí bíráákẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ lè jẹ́ ibi tí irin wà gan-an. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pákó lẹ kọ́kọ́ dè, ibi tí ihò bá ti gbà lẹ máa ti de pákó náà, bíráákẹ́ẹ̀tì á wá jókòó síbi tó bá wù yín lára pákó. Sùkúrù igi lásán lẹ máa fi dè é. Pákó tó nípọn íńṣì kan, tó fẹ̀ tó íńṣì mẹ́ta, tó gbẹ dáadáa, tí wọ́n ti fá, ni kí ẹ rà. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà ògiri yín gan-an, ojú kò ní tètè rí i.

Tí ẹ kò bá tilẹ̀ rí SDS, ẹ fi lintel sílẹ̀ pátápátá. Ẹ de pákó kan lóòró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fèrèsé, ẹ de èkejì sí tòsì, nísàlẹ̀ lintel níbi tí búlọ́ọ̀kù wà. Kí orí àwọn méjèèjì yọ dé òkè fèrèsé. Ẹ wá fi ẹ̀kẹta dábùú lé wọn, ẹ kàn wọ́n pọ̀ bí ẹni ń ṣe férémù ilẹ̀kùn. Èyí tó dábùú ni búláìndì máa kọ́ sí. Mo ti ṣe é fún oníbàárà púpọ̀, ẹrù ńlá ni ó sì ń gbé.

Bàbá Bíríkìlà, Mọ́níyà

Káfíńtà, ẹ ṣeun. Mo kan fẹ́ fi kún un pé búlọ́ọ̀kù wa ní ihò nínú. Fíṣà kúkúrú lè bọ́ sínú òfìfo yẹn kó máa yí lásán. Kí wọ́n lo èyí tó gùn, kí wọ́n sì pín sùkúrù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ pákó olóòró, kí gbogbo ẹrù má wà lórí ẹyọ kan.

Ìyá Ìbejì, Akóbọ̀, Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú ilé tiyín náà. Ọkọ mi tún wo ihò wọ̀nyẹn: lẹ́búlẹ́bú funfun ni, kò sí èyí tó ń dán. A ti bá oní-alúmíníọ̀mù kan sọ̀rọ̀ nítòsí ibí, ó ní SDS. Pákó kan ṣoṣo la máa dè sórí lintel fún fèrèsé kọ̀ọ̀kan, kí ó lè bo ihò tí wọ́n ti lù tẹ́lẹ̀. Mo ti pe lánlọ́ọ̀dù, ó gbà, bí a bá ti lè dí ihò padà ká tó kó jáde.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ṣéènì tí wọ́n fi ń fa búláìndì yẹn gùn dé ibi tí ọwọ́ àwọn ìbejì ti lè tó o. Ṣé kí n gé e kúrú ni?

Àǹtí Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ má gé e o, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ wo inú páálí búláìndì, ẹ máa rí nǹkan oníke kékeré kan tí wọ́n ń de mọ́ ògiri, tí ṣéènì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Tí kò bá sí, ẹ bi wọ́n níbi tí ẹ ti rà á. Ẹ na ṣéènì náà títí yóò fi le tántán, kí ẹ tó dè é, kí ó má baà sí ibi tí ọrùn ọmọ lè gbà wọlé. Nílẹ̀ yìí, ṣéènì tó dà bí òrùka ti pa àwọn ọmọdé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí a dè é sókè tó mítà 1.5 sí ilẹ̀, ó kéré tán. Kí ẹ sì gbé àga kúrò nídìí fèrèsé yẹn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lẹ máa dè é sí, búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀, nítorí náà dírììlì kékeré á ṣe é, bó bá ti ní àwòrán òòlù lára.