Ṣé ẹ̀tọ́ amusìgá ni láti mu ún ní ọjà?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Aládùúgbò mi máa ń mu sìgá lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀, èéfín rẹ̀ a sì wọ inú aṣọ mi débi pé oníbàárà kan gbóòórùn ìró kan, ó sì dá a padà. Nígbà tí mo bá a sọ ọ́, ó ní owó òun ni òun fi rà á. Ṣé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni lóòótọ́?

Èsì: Ẹ̀gbọ́n mi, òfin tábà ti ọdún 2015 ka sìgá mímu léèwọ̀ ní iléèwé, nínú ọkọ̀ èrò àti ní ilé oúnjẹ. Ó tún ka títà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, àti títà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, léèwọ̀. Síbẹ̀, mo ṣì ń rí i tí wọ́n ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní Kútọ̀, lójú àwọn ọmọ iléèwé.

Èsì: Amusìgá ni mí, mo sì gbà pé ó yẹ kí n jìnnà sí ìsọ̀ yín. Owó orí tí ìjọba ń fi kún un ni n kò fara mọ́, nítorí tálákà ló ń ni lára jù.

Èsì: Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀wọ́n yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí ọmọdé lè rà á. Ikọ́ bàbá mi ló máa ń jí gbogbo ilé wa lóru.