Ìtàn ìrírí: báwo lẹ ṣe ń wé okùn tuntun sórí ríìlì?

ỌmọẸ̀pẹ́
Ẹ kú ilé o, gbogbo ọlọ́pàá. Ti ọ̀pá ìwọ̀ ni mò ń wí o, kì í ṣe ti àgọ́. Òjò ti ń dáwọ́ dúró, mo fẹ́ bọ́ tángúsì àtijọ́ kúrò lórí ríìlì mi, ẹ̀rọ tó ń wé okùn lára ọ̀pá, kí n wé tuntun sí i. Ẹ sọ ìrírí tiyín: ta ló kọ́ yín, kí lojú yín sì ti rí nídìí rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Etíkun
Ojú ni mo fi kọ́ tèmi, lọ́wọ́ bàbá kan tó máa ń jókòó sórí òkúta ní Tarkwa Bay. Bàbá yẹn kì í sọ̀rọ̀. O lè kí i láàárọ̀, kó di ọ̀sán kó tó dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ wé okùn, á ké sí ọmọdé kan pé kó wá bá òun di nǹkan mú. Á kọ́kọ́ ṣí apá wáyà iwájú ríìlì, ìgbà yẹn ló tó ń so okùn mọ́ ọn, torí ẹni tó so ó tán kó tó ṣí i, ó máa tú u tún so ni. Á wá tẹ́ rólà okùn tuntun sílẹ̀, ojú tí wọ́n lẹ bébà mọ́ á kọjú sókè. Á ní kí ọmọ náà fi aṣọ tútù di okùn mú láàárín ìka, kó le díẹ̀. Òun á máa yí i jẹ́jẹ́. Tó bá ti wọlé díẹ̀, á dá a dúró, á dẹ okùn náà sílẹ̀ kó wo ìṣesí rẹ̀. Bó bá ń lọ́ mọ́ra, á dojú rólà náà dé, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Kò ní ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Jẹ́jẹ́_layé
Bàbá yìí ju YouTube lọ.

Adé Houston
Ti aṣọ tútù yẹn ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dùn mí. Àbúrò mi ra bíréèdì, okùn ìwọ̀ tí wọ́n hun, olówó gọbọi, ṣọ́ọ̀bù kan ló bá a wé e. Wọ́n so ó mọ́ irin orí ríìlì ní tààrà, wọn ò fi nǹkan kan sábẹ́. A gba Galveston lọ. Ẹja ńlá gbé e. Ọkùnrin yìí ń yí ọwọ́ ríìlì, okùn ò wọlé. Ó fún dírágì, ìdè tó ń dá orí ríìlì dúró, mọ́lẹ̀ títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi pọ́n, okùn ò wọlé. Mò ń pariwo "fà á!", òun náà ń pariwo "mò ń fà á!" Àwọn òyìnbó ẹ̀gbẹ́ wa ti gbé ọ̀pá tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń wòran. Ẹja lọ. Ìgbà tá a délé la rí i pé odindi okùn náà ló ń yọ̀ yí ká lórí irin. Bíréèdì ń yọ̀, kì í nà bíi mónò, ìyẹn tángúsì lásán, kò rí nǹkan dì mú lára irin dídán. Ká ní wọ́n ti kọ́kọ́ wé mónò díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ni, tàbí kí wọ́n lẹ téèpù àwọn oníná mọ́ irin náà, ẹja yẹn ì bá ti wọ kúlà.

Tọ́másì
Dírágì ló dẹ̀. Ẹ má purọ́ mọ́ okùn.

Adé Houston
O wà níbẹ̀?

Tọ́másì
Mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn àbúrò.

Ìyá Ìbejì
"Mo mọ àwọn àbúrò" 😂😂😂 ẹ̀yin èèyàn yìí ò ní pa mí.

Ẹ̀gbọ́n Etíkun
Tọ́másì, ó rọrùn láti yẹ̀ wò. Pa apá wáyà dé, fi ọwọ́ fa okùn. Bó bá jẹ́ dírágì ló dẹ̀, gbogbo orí ríìlì á máa yí, wàá gbọ́ tó ń ké. Bí orí bá dúró gbọin tí okùn nìkan ń yí lórí rẹ̀, ohun tí Adé wí ni. Mo rí i lójú ara mi ní Badagry, kúta ló gbé ti ẹni yẹn lọ.

Tọ́másì
Ó dáa. Mo gbà ti kúta.

Adé Houston
Tèmi ńkọ́?!

Àǹtí Onílẹ̀kẹ̀
Ẹ má bínú sí mi o, mi ò pẹja rí, ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń sín. Tángúsì tẹ́ ẹ̀ ń bọ́ kúrò yẹn, kí lẹ ń fi ṣe? Mo lè wá kó o.

ỌmọẸ̀pẹ́
Àǹtí, ẹ má ṣe é. Oòrùn ti jẹ ẹ́. Ìyàwó á ń jó lọ́wọ́, ìlẹ̀kẹ̀ á já dà sílẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá.

Wálé_Ìkòròdú
Apá òkè nìkan loòrùn ń jẹ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ò rí oòrùn rí. Bí nǹkan ṣe wọ́n yìí, èmi kì í dà á nù: mo máa wé e sórí ríìlì míì kí ìdí rẹ̀ di orí.

Jẹ́jẹ́_layé
Ahun 😂

Wálé_Ìkòròdú
Ahun tó ń jẹ ọ̀bọ̀kún.

Bọ̀dá Peckham
Ẹni tí okùn rẹ̀ bá ti lọ́ pọ̀, tó sì ní ọkọ̀ ojú omi: já ìwọ̀ àti òjé kúrò, tú okùn sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń lọ, jẹ́ kí omi fà á fún ìgbà díẹ̀. Á tú fúnra rẹ̀. Níbí, mi ò ní ọkọ̀, pápá bọ́ọ̀lù ni mo ti ń tẹ́ tèmi. Bẹ́ẹ̀ náà la ò lè pẹja odò láti 15 oṣù kẹta di 15 oṣù kẹfà, ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń wé okùn.

Ìyá Ìbejì
Ta ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ pẹja?

Bọ̀dá Peckham
Òfin England ni, kí ẹja lè yé. Ìwé àṣẹ wà pẹ̀lú tó o bá fẹ́ fi ọ̀pá pẹja nínú omi dídùn. Tó bá jẹ́ létí òkun, kò sí wàhálà ìwé. Ẹja carp tá a bá sì mú ní adágún, a máa ń dá a padà sómi.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ní kí lẹ ń ṣe?

Wálé_Ìkòròdú
Ẹ sanwó, ẹ jókòó sínú òtútù, ẹ mú ẹja, ẹ wá ní ó dàbọ̀?

Bọ̀dá Peckham
A máa ń yà á ní fọ́tò kọ́kọ́.

Ríìlì_Tuntun
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi kún dé ẹnu, bí mo ṣe jù ú báyìí ló dà sílẹ̀ wúruwùru.

Ẹ̀gbọ́n Etíkun
Fa díẹ̀ kúrò. Jẹ́ kó ku bíi mílímítà 2 sí 3 kó tó kan etí. Ṣé ríìlì ẹnu gbangba ni àbí èyí tó dùbúlẹ̀? Bó bá jẹ́ èyí tó dùbúlẹ̀, rólà ò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tó o bá ń wé e, fi pẹ́ńsù kọ́ ọ láàárín kó máa yí.

Ìyá Ìbejì
Ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn ná. Bọ̀dá Peckham, kí nìyàwó yín máa ń sè?

Bọ̀dá Peckham
Adìyẹ.