Kí ni kí n ṣe sí adíjàsílẹ̀ yìí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni alábòójútó WhatsApp àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ ká sọ̀rọ̀ òṣèlú nírọ̀rùn. Ká ṣáà ti dárúkọ ọ̀nà tó bàjẹ́, á ní: "Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ìrẹsì Fáyóṣé ní 2014 náà lẹ̀ ń sọ̀rọ̀?" (Ìrẹsì tí wọ́n pín nígbà ìbò gómìnà Èkìtì ló ń sọ.) Lánàá, ó pe ìyá àgbà kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ẹrú olóṣèlú. Ìyá náà ò tíì sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn kan ní ká má dá a lóhùn. Bí mo bá sì yọ ọ́, á ní wọ́n ti rà mí. (Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún ni o!) Ẹ̀yin tó ti ṣe irú ẹ̀ rí, ṣé kí n kọ́kọ́ pè é síkọ̀kọ̀ ni, àbí kí n yọ ọ́ kíá?