Ṣé kọ́kọ́rọ́ inú ìbọn máa ń lé oníbàárà sá?

Ẹ̀yin ará wa ní Texas, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ ta ìbọn ìléwọ́ rìfọ́fà Smith & Wesson 642 mi, irú èyí tó ní ihò kọ́kọ́rọ́ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, tí wọ́n fi ń ti ìbọn pa kí ẹnikẹ́ni má lè yìn ín. Ọkùnrin méjì ti wá wò ó. Bí wọ́n ṣe rí ihò yẹn báyìí ni wọ́n yọwọ́. Ọ̀kan ní ẹ̀rù ń ba òun kí ìbọn náà má lọ ti ara rẹ̀ pa, kó má lè yìn, lọ́jọ́ tí olè bá dé. Tèmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí (kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún gan-an, inú dúrọ́ọ̀ ló ń sùn). Mo ti dín owó lẹ́ẹ̀kan, pàbó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra irú ẹ̀ rí, ṣé lóòótọ́ lẹ máa ń san owó tó pọ̀ jù lórí èyí tí kò ní kọ́kọ́rọ́, àbí wọ́n kàn ń fi ọgbọ́n ná ọjà mi wálẹ̀ ni?