Ṣé kíkà ni àbí àfiwé? Lórí ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò omi ẹja

Ẹ̀yin ará mi,

Ẹ kú làálàá èdè o. Láti Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Oǹdó ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ń túmọ̀ ìwé pélébé tó máa ń wà nínú páálí ìgò oògùn tí àwọn tó ń sin ẹja nínú gíláàsì fi ń mọ bí omi ṣe rí. Wọ́n ní ká pe iṣẹ́ náà ní "ìdánwò omi", ká pe èsì rẹ̀ ní "kíkà omi", kí èsì tí kò ní àṣìṣe sì máa jẹ́ "kíkà pípé". Àbúrò wa kan ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi ò fọwọ́ sí i. Ẹja mẹ́rìnlá ló wà nínú gíláàsì tó wà ní pálọ̀ mi, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wọ́n ju bó ṣe kàn wá lọ.

"Ìdánwò" ò ní pẹ́ wa. Ẹni tó lè yege tàbí kó fìdí rẹmi ni à ń dán wò. Omi kì í jókòó ṣe WAEC. Nílé ìwòsàn, lórí rédíò, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àyẹ̀wò ìtọ̀ ni gbogbo èèyàn ń wí. Àyẹ̀wò omi ni, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀.

"Kíkà" ni ìjà mi wà. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń ka ìwé tí a fi ń ka owó. Bí ẹ bá rán ọmọ pé kó lọ ka omi, nọ́ńbà ló máa wá lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí nọ́ńbà kankan nínú omi. Àwọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ ó bu omi sínú tẹ́sítúùbù dé ìlà mílílítà márùn-ún (omi máa ń tẹ̀ kòtò láàárín, ìsàlẹ̀ kòtò yẹn ni kó kan ìlà), ẹ ó kán oògùn sí i, ẹ ó dúró kí ìṣẹ́jú pé, ẹ ó wá gbé e síwájú páálí funfun tí wọ́n kun àwọ̀ sí, kí ẹ wo èyí tó jọ ọ́ jù. Lórí páálí náítíréètì tèmi (náítíréètì ni ohun tí ìdọ̀tí ẹja máa ń dà nínú omi níkẹyìn; nọ́ńbà páálí ló ń sọ bó ṣe pọ̀ tó), 20 ló wà, 40 ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń "kà" á máa wá 30 tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń fi wé á ní ó ju 20 lọ, kò sì tó 40, òótọ́ ló sì sọ. Ohun tí mo ṣe ní ká pe èsì náà ní "àfiwé" nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní àfiwé ti jẹ́ ti olùkọ́ lítíréṣọ̀, pé àfiwé tààrà ni wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì. Kò burú. Ṣebí abẹ́rẹ́ náà lójú, ọ̀nà náà lójú.

Tí a bá gbà pé àfiwé ni, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ń bọ̀: kí la ó máa pe àwọn àwọ̀ náà? Funfun, pupa, dúdú ni òpó mẹ́ta tí a gbára lé. Páálí náítíréètì sì bẹ̀rẹ̀ láti àwọ̀ ìyeyè, ó ń pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pupa kankan. Lẹ́nu ìyá mi, pupa ni gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Bí mo bá bi ọmọ léèrè pé báwo ni omi ṣe rí, tó ní "ó pupa", kò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Ẹ̀gbọ́n kọ "àwọ̀ ọsàn" síbi tó wà láàárín. Ẹ jọ̀ọ́, ọsàn wo? Ọsàn tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba níbí, ó ti pọ́n tán, ó dùn bí oyin, èèpo rẹ̀ ṣì tutù bí ewé. Ọsàn òyìnbó ni ọsàn yẹn.

Tiwa wà nílẹ̀. Mo ní ká máa sọ ọ́ báyìí: ìyeyè, epo, osùn. Kò sẹ́ni tí kò mọ bí epo pupa ṣe yàtọ̀ sí osùn. Ti amóníà, èyí tó ń ti ara ìdọ̀tí ẹja jáde, láti ìyeyè sí ewé. Ti náítíráìtì, èyí tí amóníà ń dà kó tó di náítíréètì, láti ayinrin sí elésè àlùkò, èyí tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti lò fún wa tipẹ́. Ẹ kàn má fi gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n wò ó lálẹ́, torí gbogbo ìyeyè ló máa di epo. Ojú fèrèsé lọ́sàn-án ni mo ti ń ṣe tèmi.

Níbi tí ìwé náà ti sọ ohun tí a ó ṣe sí ìgò kejì náítíréètì, "ẹ mi ìgò náà" ni ẹ̀gbọ́n kọ. Orí la máa ń mì, tí a bá fẹ́ kọ̀. Ìgò yìí, ẹ gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ìyẹ̀fun síǹkì tó wà nínú rẹ̀ wúwo, ó máa ń silẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu. Síǹkì yẹn ló ń sọ náítíréètì di náítíráìtì kí oògùn tó lè pa á láwọ̀. Bó bá sùn sísàlẹ̀, omi ò ní pọ́n, ẹ ó sì rò pé omi yín mọ́. Èmi náà "mi" ìgò tèmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Odo, odo, odo. Mo ń fi yangàn fún àwọn àlejò. Lọ́jọ́ tí mo gbọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ, àwọ̀ osùn ni, 80. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi dànù.

Odo mẹ́ta yẹn ló jẹ́ kí n rí i pé "pípé" ò tó. Ohun tó pé ni ohun tí kò dín. Àyẹ̀wò mi pé, mi ò fo ìgbésẹ̀ kankan. Èsì rẹ̀ tún dọ́gba lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àmọ́ irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ méjì la nílò níbí: èsì tó "dọ́gba", tí kò yí padà bí a bá tún un ṣe, àti èsì tó "ṣe rẹ́gí" pẹ̀lú ohun tó wà nínú omi. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá tèmi ṣe rẹ́gí, mo máa ń bu omi ẹja ní ìdajì, kí n fi omi tí kò ní náítíréètì kún ìdajì tó kù. Bí 40 bá di 20, ọkàn mi balẹ̀.

Nípa náítíráìtì àti náítíréètì, àbúrò wa ní ká rọ orúkọ Yorùbá fún wọn. Èmi ò rí ìdí rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n mo rí i lórí fóònù. Mo lọ síbi òkú kan ní Oǹdó, ọmọ mi pè mí: "Bàbá, náítíráìtì jẹ́ ogún o." Àyà mi já. Náítíráìtì ń ba ẹ̀jẹ̀ ẹja jẹ́ débi pé ẹja á máa mí gúlegúle nínú omi tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Mo ti fẹ́ dìde lórí oúnjẹ kí n tó rántí pé páálí náítíráìtì wa ò kọjá 5. Náítíréètì ló ń wí, 20 rẹ̀ ò sì ṣe ẹja mi ní nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, "ìgò aláyinrin" àti "ìgò olósùn" là ń pè wọ́n nílé wa.

Ó ku pH, nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó. Ẹ̀gbọ́n ní "ìwọ̀n kíkan". Ó dùn létí, àmọ́ bí omi bá ṣe ń kan sí i ni nọ́ńbà ń wálẹ̀: omi 6 kan ju omi 7 lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ìwọ̀n wo ló ń dín kù bí ohun tó ń wọ̀n ṣe ń pọ̀ sí i? Sørensen, ará Denmark tó gbé e kalẹ̀ ní 1909, ti pè é ní pH, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn fi kún ìtumọ̀ yín pé omi kànga tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lè kan ju bó ṣe máa rí lọ́la lọ, nítorí afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó bá a wá látinú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú garawa ná.

Kíkan rọrùn, gbogbo wa mọ omi ògì. Òdìkejì rẹ̀ ni mi ò rí mú, èyí tó ju 7 lọ (7 ni àárín, omi ibẹ̀ ò kan). Mo ń ronú omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, pàápàá eérú èèpo kòkó tó pọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ ní Oǹdó: omi tó ń kán jáde lábẹ́ ìkòkò eérú yẹn, kí ni wọ́n ń pè é?