Ṣé kí n wọ ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn ọmọ tó wà látìmọ́lé?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa, l'Ábùjá níbí, ni mò ń gbé. Ẹgbẹ́ kan ní kí n wá di ọmọ ẹgbẹ́, kí n máa dá owó lóṣooṣù. Wọ́n ń jà kí wọ́n má ṣe máa ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 mọ́lé pẹ̀lú àgbà.

Ó wù mí. Ṣebí ojú wa ló ṣe lóṣù kọkànlá ọdún 2024, táwọn kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n kó nítorí ìwọ́de ṣubú lulẹ̀ ní kóòtù níbí. Bẹ́ẹ̀, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà láti 2003, kóòtù ìdílé ló sì ní kí wọ́n máa gbé irú wọn lọ.

Àmọ́ ọkọ mi ní òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, kí n má fa wàhálà wọlé. (Òun gan-an ló bínú jù nígbà yẹn o!)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nírú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé owó nìkan ni wọ́n ń gbà, àbí èmi tí kì í ṣe lọ́yà lè máa bá wọn wá òbí àwọn ọmọ náà kàn? Kí ni kí n bi wọ́n kí n tó san kọ́bọ̀?