Ẹni tó ti lọ sáàárín òkè yìnyín rí, ẹ wá sọ tiyín. Tèmi rèé: Alaska, June 2023

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń rí i báwọn èèyàn ṣe ń bèèrè nípa bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìrìn àjò olówó ńlá lọ sínú ijù, ibi òkè àti yìnyín tí mọ́tò ò dé, mo ní kí n sọ tiwa torí owó tá a ná síbẹ̀ kì í ṣe owó kékeré, ohun tó sì yẹ ká kọ́kọ́ sanwó fún gan-an, ìgbẹ̀yìn la tó mọ̀ ọ́n.

Bàbá àwọn ọmọ mi ló fẹ́ pé 60. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ti yan àwọ̀ léèsì, wọ́n ti ń bá alásè sọ̀rọ̀, àfi bí ọkọ mi ṣe ní àwọn ò ṣe pátì kankan, gíléṣíà, yìnyín ńlá tó ń rọra wọ́ bọ̀ láti orí òkè bí odò, làwọn fẹ́ fojú rí kí ọjọ́ tó lọ. Tíṣà jọ́gíráfì ni wọ́n n'Ìbàdàn fún ọdún 19 ká tó wá sí Houston. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì ya gíléṣíà sójú bọ́ọ̀dù fáwọn ọmọ, bó ṣe ń gbẹ́ àfonífojì, bó ṣe ń wọ́ òkúta lọ, àwọn fúnra wọn ò sì rí yìnyín ju ti inú fìríìjì lọ. Ẹ̀gbọ́n wọn bínú gan-an, wọ́n ní, "Ìyàwó, ta ló ń fowó ra òtútù?" Mo bẹ̀ wọ́n títí. Àwọn ọmọ wa mẹ́ta dáwó jọ, èmi náà fi owó ófátáìmù tí mo ṣe lọ́sibítù kún un.

September 2022 la ti bẹ̀rẹ̀ ètò, kò sì yá jù, torí yàrá ò pọ̀ láwọn lọ́ọ̀jì inú ijù yẹn, oṣù mélòó kan péré ni wọ́n sì fi ń ṣílẹ̀kùn lọ́dún. Kantishna la kọ́kọ́ ń wò, ìparí ọ̀nà inú Denali, ọgbà ìjọba kan ní Alaska, ló wà, ọ̀nà yẹn gùn tó máìlì 92, àmọ́ láti August 2021 ni wọ́n ti tì í pa ní nǹkan bíi máìlì 43 torí ilẹ̀ tó ń rọ́ níbì kan tí wọ́n ń pè ní Pretty Rocks, yìnyín tó wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ló ń yọ́. Báàlúù nìkan ló kù nígbà yẹn tó lè gbé èèyàn débẹ̀. Ẹ máa wádìí irú nǹkan báyìí kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní sọ fún yín pé ọ̀nà ti já.

A wá mú lọ́ọ̀jì kan tí báàlúù kékeré ń gbé èèyàn lọ láti Talkeetna, ìlú kékeré kan ni, bíi máìlì 115 sí Anchorage tó jẹ́ ìlú ńlá. Oru mẹ́ta, bẹ́ẹ̀dì rírọ̀, kúùkù tó ń se ẹja salmon tuntun, gáìdì tiwa nìkan. Aṣètò tó bá wa ṣe é (mi ò ní dárúkọ wọn) to gbogbo ẹ̀ gún régé: Mọ́ńdè ká bọ́ sí Anchorage, Túsìdeè ká fò wọnú ijù, Fúráìdè ká jáde, alẹ́ Fúráìdè yẹn náà ká wọ báàlúù padà sílé. Kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tó ṣófo níbẹ̀. Inú ẹ̀ ni gbogbo wàhálà wa ti wá.

Nígbà tá a dé Talkeetna, àwọn oníbáàlúù ní ká gun ìwọ̀n, èèyàn àti ẹrù. Nígbà tá a ń búùkù, mo ti fi bíi 20 páùn dín ìwọ̀n mi kù nínú fọ́ọ̀mù, mo rò pé lásán ni wọ́n ń bèèrè, mi ò mọ̀ pé òun ni páílọ́ọ̀tì fi ń ṣírò epo àti ẹrù tó lè gbé gòkè. Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi tí mò ń wọn aláìsàn kí n tó fún wọn lóògùn, ó dùn mí wọra. Àpò kan ní láti dúró sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀n yín gan-an ni kẹ́ ẹ sọ, tàṣọ tàbàtà.

A ò tiẹ̀ gbéra lọ́jọ́ náà. Ìkùukùu ti bo òkè. Òkè Denali ga tó 20,310 ẹsẹ̀ bàtà, kò sóhun tó ga tó o ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà, ó ga débi pé òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣe ojú ọjọ́ tiẹ̀, oòrùn lè máa ràn yòò ní Talkeetna kí inú àwọn òkè ọ̀hún ṣókùnkùn biribiri. Wọ́n á ní ká padà wá láago méjì, a ó padà wá, wọ́n á tún ní ká wá láago márùn-ún. Túsìdeè lọ, Wẹ́sìdeè náà lọ. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn jókòó lórí bẹ́ńṣì iwájú ọ́fíìsì àwọn oníbáàlúù, wọ́n kọjú sí ibi tí òkè yẹ kó wà. Mo lọ bẹ páílọ́ọ̀tì, ọmọbìnrin kan tí ò tíì lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó ní òun lè gbìyànjú láti gbé wa wọlé o, àmọ́ òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun á rí ọ̀nà gbé wa jáde. Títí dòní ni mò ń súre fọ́mọ yẹn. Owó oru méjì ní lọ́ọ̀jì ti wọgbó, wọn ò dá nǹkan kan padà, ó wà nínú ìwé àdéhùn lóòótọ́, aṣètò wa ni ò kà á sí wa létí. Ìńṣọ́ránsì tí wọ́n bá wa rà, àìsàn nìkan ló ń wò, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ò sí níbẹ̀.

Tọ́sìdeè, aago méje alẹ́, fóònù dún: ẹ máa bọ̀ kíákíá. Ní June, aago méje alẹ́ níbẹ̀, ọ̀sán gangan ni. A fò gba Ruth Gorge kọjá, ògiri òkúta lọ́tùn-ún lósì tó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà ga ju yìnyín lọ, èmi ń ka Sáàmù 121 lábẹ́nú. Ni ọkọ mi bá fìka kan fèrèsé, wọ́n pariwo, "Medial moraine!" Mo wòsàlẹ̀, mo rí ìlà dúdú kan tó ń bá àárín yìnyín lọ bíi títì ọlọ́dà. Gíléṣíà méjì ló pàdé, òkúta tí kálukú wọn ń wọ́ bọ̀ létí ẹ̀ ló wá pa pọ̀ di ìlà kan láàárín. Ìlà yẹn ni wọ́n máa ń fi ṣọ́ọ̀kì pupa yà.

Pátákó gígùn méjì ló wà lẹ́sẹ̀ báàlúù náà, òun ló fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Nígbà tó pa ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ èémí ara mi. Ọkọ mi bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n bu yìnyín sọ́wọ́, wọn ò jù ú nù, wọ́n ń wò ó títí tó fi yọ́, omi ẹ̀ ń kán tó tó láti ìgúnpá wọn. Ojú mi ń ro mí torí mo ti bọ́ jígí dúdú mi láti nu omijé, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, bí oòrùn ṣe ń ta lórí yìnyín yẹn lè ba ojú jẹ́.

Oru kan péré la sùn ní lọ́ọ̀jì. Ká ní mo tún fẹ́ ṣètò ẹ̀ lónìí, màá fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ lófìfo ṣáájú, màá fi ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́yìn, mi ò báà dín owó lọ́ọ̀jì kù láti fi ra àwọn ọjọ́ yẹn. Màá ra ìńṣọ́ránsì tó kọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ sínú ìwé, tó sì máa sanwó báàlúù tó máa gbé aláìsàn jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ mú ti ọ̀sẹ̀ kan lé, kẹ́ ẹ sì gbé e sára, kó má wà nínú àpò tí wọ́n lè fi sílẹ̀. Ẹ̀fọn wà níbẹ̀ o! Mo rò pé ibi yìnyín ò lè ní ẹ̀fọn, wọ́n bò wá nísàlẹ̀ òkè bí ẹni pé odò Ògùn la wà.

*

Ẹ ṣé gan-an, Mà. Èmi ń kọ̀wé láti Calgary ní Kánádà, tiwa ò le tó tiyín torí mọ́tò ń débẹ̀. Láti Lake Louise dé Jasper, kìlómítà bíi 230 láàárín òkè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí ní ibi tó pọ̀ jù, àárín ọ̀nà ní Saskatchewan River Crossing nìkan lẹ ti lè repo, nígbà òtútù ibẹ̀ gan-an máa ń tì. Ní Athabasca Glacier wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀, wọ́n kọ ọdún tí yìnyín dé ibẹ̀ sí i, a rìn láti ọdún kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi rẹ ìyá mi, a ò tíì débi tí yìnyín wà báyìí. Ó ti sá sẹ́yìn ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ láàárín bí ọdún 125. Ẹ má dá nìkan gun orí ẹ̀ o, ihò jíjìn wà nínú ẹ̀ tí yìnyín fẹ́lẹ́ bò lójú, èèyàn ti kú síbẹ̀. Gáìdì ni kẹ́ ẹ mú, ó máa fún yín ní irin eléyín tẹ́ ẹ máa so mọ́ bàtà. Lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó ṣófo tẹ́ ẹ sọ, July 2024 tí iná igbó wọ Jasper, ìdá kan nínú mẹ́ta ilé ìlú ló jóná, August la ti búùkù, ọjọ́ mẹ́ta tá a fi sílẹ̀ la fi yí gbogbo ẹ̀ gba Banff. Ẹ gbà mí láyè, Mà, ṣé June náà lẹ rò pé ó dáa jù fún Alaska? Ìyàwó mi ń fẹ́ rí iná aláwọ̀ ewé ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní northern lights yẹn.

*

Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò mi. Rárá o, tó bá jẹ́ iná ojú ọ̀run lẹ fẹ́, ẹ má lọ ní June, ilẹ̀ ò ní ṣú tó tẹ́ ẹ máa fi rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó di ìparí August sí September, ẹ̀fọn á sì ti dín kù nígbà yẹn. Ẹ kọ́kọ́ bi lọ́ọ̀jì tẹ́ ẹ fẹ́ mú léèrè ọjọ́ tí wọ́n ń tìlẹ̀kùn, torí ọ̀pọ̀ wọn ń tì ní àárín September. Àpò wa tó kù sí Talkeetna, a bá a níbẹ̀ ní Fúráìdè, gààrí àti ata gígún wà nínú ẹ̀ digbí.